Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ímeèlì Tó Dákẹ́ Lójijì

Nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí, a kọ́ bí a ṣe ń sọ ibi tó ń dun ni fún dókítà. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn. A fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi Yorùbá ṣàlàyé pé ohun kan tó ń ṣiṣẹ́ lánàá kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí, kí ẹni tó ń gbọ́ wa lè mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe. Ìtàn tí ẹ fẹ́ kà ṣẹlẹ̀ sí àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, tí wọ́n ń gbé ní London.

Kí a tó kàwé

Ẹ gbìyànjú nǹkan kan ná. Ẹ ṣí ímeèlì yín, ẹ gbé máòsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ di ojú yín, kí ẹ wá lẹ́tà tí olùkọ́ yín kọ sí yín kẹ́yìn. Pátákó ìtẹ̀wé nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ la ojú, kí ẹ sọ fún ẹni tó jókòó tì yín ibi tí ẹ sọnù sí.

Àyọkà

Ògbufọ̀ ni àǹtí mi. Bí màmá tàbí bàbá Yorùbá kan bá lọ sí ọsíbítù ní London, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì tó láti bá dókítà sọ̀rọ̀, àǹtí mi wà lára àwọn tí wọ́n máa ń pè láti dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ímeèlì ni iṣẹ́ náà fi ń wọlé. Àwọn tó ń pín iṣẹ́ á kọ̀wé sí ògbufọ̀ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ fèsì ni yóò gbà á. Nítorí náà, kí àǹtí mi tó fọ ẹnu láàárọ̀, wọ́n á ti ka ímeèlì.

Àǹtí mi kò ríran. Ó ti lé ní ogún ọdún tí glaucoma, àìsàn tó máa ń ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́, ti gba ojú wọn. Etí ni wọ́n fi ń kàwé. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún wọn. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó máa pè é ní ètò akàwé. Oríṣiríṣi ló wà. JAWS jáde ní 1989 láti ilé-iṣẹ́ tí Ted Henter, ará Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù díje kí jàǹbá ọkọ̀ tó gba ojú rẹ̀ ní 1978, dá sílẹ̀ pẹ̀lú Bill Joyce. Owó ni wọ́n fi ń ra ìyẹn. Èyí tí àǹtí mi ń lò ni NVDA, tí Michael Curran, tí òun náà kò ríran, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní Australia ní 2006. Ọ̀fẹ́ ni. Ohùn tó ń jáde nínú kọ̀ǹpútà àǹtí mi ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Èmi kì í gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn á sì máa rẹ́rìn-ín mi.

Ẹ rọra ka ibi tó kàn yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ètò akàwé ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń wò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ló máa ń béèrè. Á bi ètò ímeèlì pé, "Kí ló wà níbi tí a wà yìí?" Ètò ímeèlì á dáhùn pé, "Bọ́tìnnì ni. Fèsì ni orúkọ rẹ̀." Tàbí pé, "Àkójọ lẹ́tà ni. Lẹ́tà kẹta nínú ogójì ni a wà." Ìdáhùn yìí kì í hàn sí ojú. Àwọn tó kọ ètò náà ló gbọ́dọ̀ fi í sábẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n yà sójú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá ya bọ́tìnnì tuntun tó rẹwà, tí wọ́n sì gbàgbé láti sọ ọ́ lórúkọ, ẹni tó ríran á tẹ̀ ẹ́, kò ní fura. Ètò akàwé á béèrè, ìdáhùn kò ní sí, á wá sọ "bọ́tìnnì" lásán, tàbí kó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí kò ríran máa ń rìn fàlàlà nínú ilé ara rẹ̀, nítorí ó mọ àyè àpótí, ó mọ àyè ìkòkò omi. Kò nílò ọ̀pá. Àfi bí ẹnì kan bá tún yàrá tò lóru tí kò sì sọ fún un.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, yàrá àǹtí mi di títúntò. Wọ́n ti lọ sùn. Ètò ímeèlì tí wọ́n ń lò (n kò ní dárúkọ rẹ̀) gba ìmúdójúìwọ̀n fúnra rẹ̀, èyí ni pé àwọn tó ni ín fi tuntun rọ́pò àtijọ́ láti òkèèrè. Lẹ́nu àwọn èèyàn, "update" lẹ ó máa gbọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ bọ́tìnnì ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ohùn náà ní, "Blank." Òfìfo nìyẹn. Wọ́n tún un tẹ̀. "Blank." Ẹni tó ríran ì bá ti rí i pé lẹ́tà kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àǹtí mi rò pé kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí àwọn ni. Wọ́n dìde, wọ́n po tíì, wọ́n wẹ̀, wọ́n gbọ́ ìròyìn. Ìgbà tó lé ní aago mẹ́wàá tí ilé ṣì dákẹ́ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu wọ́n, ni wọ́n bá pè mí.

Ọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù

Àǹtí: Ọmọ mi, ṣé ọwọ́ rẹ dilẹ̀?

Èmi: Ó dilẹ̀, àǹtí mi. Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?

Àǹtí: A dúpẹ́. Ímeèlì mi ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Kò sí lẹ́tà kankan láti àárọ̀.

Èmi: Bóyá wọn kò tíì kọ ọ́ ni.

Àǹtí: Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀? Lẹ́tà tó ń wọlé fún mi kì í dín ní mẹ́wàá. Àwọn tó ń polówó bàtà nìkan á ti kọ mẹ́ta.

Èmi: Kí ni ẹ̀rọ ń sọ bí ẹ bá tẹ ọfà?

Àǹtí: "Blank, blank", bí ẹyẹ tó mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èmi: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tẹ Enter lórí ọ̀kan nínú àwọn òfìfo yẹn.

Àǹtí: Ó dáa. Háà! Ó ṣí! Lẹ́tà wà ńbẹ̀!

Èmi: Lẹ́tà wà ńbẹ̀, mà. Àkójọ wọn ni ẹ̀rọ kò kà mọ́. Ta ló kọ èyí tó ṣí yẹn?

Àǹtí: Dúró ná, jẹ́ kí n gbọ́ ọ... Àwọn tó ń pín iṣẹ́ ni. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní kí n fèsì kó tó di aago mẹ́sàn-án. Aago mélòó ló lù báyìí?

Èmi: Mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, mà.

Àǹtí: Ó ti bọ́ nìyẹn.

Èmi: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Iṣẹ́ mìíràn á dé.

Àǹtí: Kì í ṣe owó ló ń dùn mí. Màmá kan tí mo ti bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta ni. Òní ni wọ́n fẹ́ sọ èsì àyẹ̀wò fún wọn.

Àyọkà ń tẹ̀síwájú

Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Màmá yẹn gbọ́ èsì àyẹ̀wò wọn láti ẹnu ohùn kan lórí tẹlifóònù, ohùn ẹni tí wọn kò bá pàdé rí. N kò mọ orúkọ màmá náà, n kò sì mọ ohun tí èsì sọ. Àǹtí mi kò sọ fún mi, iṣẹ́ ògbufọ̀ kò gba kí wọ́n sọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá wọn nílé. Ètò akàwé fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun náà máa ń gba ìmúdójúìwọ̀n, ó sì ti dá wàhálà sílẹ̀ rí. Nígbà tí NVDA 2019.3 kúrò lórí Python 2 bọ́ sórí Python 3, ọ̀pọ̀ àfikún tí àwọn èèyàn kọ fún un kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí àwọn tó kọ wọ́n fi tún wọn kọ. Nítorí náà, a tẹ Insert pẹ̀lú Q, a sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láìsí àfikún kankan. Òfìfo ṣì ni. A pa kọ̀ǹpútà, a tún un tàn. Òfìfo. A wá lọ sínú Firefox, a gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ímeèlì kan náà. Níbẹ̀, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn èèyàn wàràwàrà. Etí àǹtí mi dìde. Ó ti yé wa nígbà náà pé ètò akàwé kò ṣẹ̀. Ètò ímeèlì tuntun ni kì í dá a lóhùn.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn ni àǹtí mi ń gbà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì kan ṣe tẹ́lẹ̀ ti di bọ́tìnnì mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹni tó ń bá àwọn ògbufọ̀ mìíràn sáré kò sì ní àyè ìyẹn.

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ni ètò ímeèlì náà. Ìlà kan péré ni lẹ́tà àkọ́kọ́: "Ímeèlì yín kò ṣiṣẹ́." Èsì dé lọ́jọ́ kejì pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́dọ̀ àwọn, pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tún un fi sínú kọ̀ǹpútà. Àǹtí mi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà wọ́n ní ogójì ìṣẹ́jú, òfìfo náà kò sì yí padà. Dájúdájú ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó.

A wá jókòó láti kọ lẹ́tà kejì. Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà tó lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni a kọ́kọ́ fi tò ó, nítorí èdè yẹn ni àǹtí mi fi ń bínú, òun náà sì ni wọ́n fi ń ronú. Ohun tí wọ́n sọ, tí mo sì ń kọ sílẹ̀, nìyí:

"Afọ́jú ni mí, ètò akàwé NVDA ni mo sì ń lò. Títí di alẹ́ Ọjọ́rú, bí mo bá tẹ ọfà ìsàlẹ̀ nínú àkójọ lẹ́tà, mo máa ń gbọ́ orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, àkọlé rẹ̀, àti ọjọ́ tó dé. Láti ìgbà tí ìmúdójúìwọ̀n yín ti wọlé, òfìfo nìkan ni mò ń gbọ́. Àwọn lẹ́tà náà kò sọnù: bí mo bá tẹ Enter, ọ̀kan á ṣí, ẹ̀rọ á sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkójọ yẹn ni kò kà mọ́. Mo ti tún un fi sínú kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, kò yí padà. Mo ti pa gbogbo àfikún NVDA, kò yí padà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà yín, ẹ tan NVDA, kí ẹ tẹ ọfà ìsàlẹ̀. Ohun tí mò ń gbọ́ ni ẹ̀yin náà á gbọ́."

Mo fẹ́ kí a fi òfin kún un. Ní Britain, Equality Act ti 2010 sọ pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ fún aráàlú ṣe àtúnṣe tó bá mọ́gbọ́n dání kí aláàbọ̀ ara lè rí iṣẹ́ náà lò. Àǹtí mi kọ̀. "Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́ ná," ni wọ́n wí. "Ẹjọ́ lè dúró."

Èsì kejì kò dà bí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun ti tẹ ọfà ìsàlẹ̀, òun sì ti gbọ́ òfìfo náà. Wọ́n ti ya àkójọ lẹ́tà lọ́nà tuntun, wọn kò sì fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Nígbà tí ìmúdójúìwọ̀n mìíràn dé, àkójọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ ló wá ń ṣáájú orúkọ nísinsìnyí, ó sì gba bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ́ àǹtí mi lára.

Èmi ni mo gbà wọ́n nímọ̀ràn nígbà náà pé kí wọ́n má gba ìmúdójúìwọ̀n kankan mọ́. Ìmọ̀ràn burúkú ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìmúdójúìwọ̀n kan náà tó lè ba ọ̀nà jẹ́ ló tún ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ohun tí àǹtí mi ń ṣe báyìí sàn ju tèmi lọ: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó yí ohunkóhun padà, ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n sì máa ń dá a lóhùn, nígbà tí iṣẹ́ kì í wọlé.

Àkíyèsí lórí èdè

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù. Mo sọ fún àǹtí mi pé, "Bóyá wọn kò tíì kọ ọ́ ni." Lẹ́yìn náà mo ní, "Àkójọ wọn ni ẹ̀rọ kò kà mọ́." Kò tíì ń sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n a ṣì ń retí rẹ̀. Kò ... mọ́ ń sọ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti dáwọ́ dúró. Ìyàtọ̀ ńlá ni. Bí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pé "kò kà á", á rò pé ẹ kò mọ̀ ọ́n lò. Bí ẹ bá ní "kò lè kà á", á rò pé ẹ̀rọ náà kò ní agbára rẹ̀ láti ilẹ̀. "Kò kà á mọ́" ló máa mú kó béèrè pé: láti ìgbà wo? Ìbéèrè yẹn gan-an lẹ fẹ́ kó béèrè. Mọ́ máa ń wà ní ìparí gbólóhùn, tàbí ní ìparí apá tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ kò lè sọ pé *kò mọ́ kà á.

Wọ́n tún máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Nínú "Wọ́n ti lọ sùn", ènìyàn kan ṣoṣo ni, àǹtí mi, nítorí wọ́n jù mí lọ. Nínú "Wọ́n ní kí n fèsì", àwọn tó ń pín iṣẹ́ ni. Nínú "Owó ni wọ́n fi ń ra ìyẹn", kò sí ẹnì kan pàtó; ẹni yòówù tó bá rà á ni. Ẹ̀rọ kì í jẹ wọ́n láéláé, bó ti wù kó gbówó lórí tó: ó ni. Bí ẹ kò bá dá wọ́n mọ̀, ẹ wo ẹni tí gbólóhùn tó ṣáájú dárúkọ. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé ẹ ni mo ń lò fún àǹtí mi, o ni àwọn ń lò fún mi.

Ọ̀rọ̀ afọ́jú ńkọ́? Àǹtí mi pe ara wọn bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà láìlọ́ra. Èmi kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀. "Wọn kò ríran" ni mo kọ lókè, ẹ̀yin náà ẹ lo ìyẹn tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn. Ohun tí ènìyàn lè sọ nípa ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọmọ àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n lè sọ nípa rẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá bóyá ó tọ́ kí òun fi àmì ohùn sí lẹ́tà tí òun fẹ́ kọ sí àǹtí mi. Ìbéèrè dáadáa ni. Nínú kọ̀ǹpútà, é ní àyè tirẹ̀, ẹ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè kan ṣoṣo: ẹ ni, pẹ̀lú àmì òkè tó tẹ̀ lé e. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni kọ̀ǹpútà àǹtí mi fi ń ka Yorùbá. Nígbà mìíràn á fo àmì náà, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wá di ọ̀kan. Mo bi àǹtí mi ohun tí kí n sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó fi àmì sí i. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá gbọ́ Yorùbá, lẹ́tà rẹ̀ á ti wà nílẹ̀ dè é."

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fi gbólóhùn pípé dáhùn. Kí ló dé tí àǹtí fi rò pé kò sí lẹ́tà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé NVDA kọ́ ló bàjẹ́? Kí ló wà nínú lẹ́tà kejì tí kò sí nínú ti àkọ́kọ́? Ẹ dárúkọ ohun mẹ́ta, ó kéré tán.

Ẹ wá gbólóhùn márùn-ún tó ní wọ́n nínú àyọkà, kí ẹ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mọ́ wà nínú "kó tó mọ́ àǹtí mi lára" pẹ̀lú. Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú mọ́ inú "kò kà á mọ́"?

Ẹ yan ohun kan nínú fóònù yín tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí ó gba ìmúdójúìwọ̀n. Ẹ kọ lẹ́tà ìlà mẹ́jọ nípa rẹ̀ sí àwọn tó ni ín. Ẹ sọ ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan jẹ́ àǹtí, kí ẹnì kejì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn lórí tẹlifóònù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ rí ojú kọ̀ǹpútà àǹtí rẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu wọn nìkan ló máa fi mọ ohun tó bàjẹ́.